Ọrùn Tó Bá Ara Mu Àmọ́ Tí Kò Bá Ohùn Mu: Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Ọrùn Gìtá Oníná

Gìtá àbúrò mi ṣẹ́ lọ́rùn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìjàǹbá ọkọ̀ kankan o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó gbé gìtá náà sí bùùtù mọ́tò, ẹlòmíì gbé àpò gààrí lé e lórí, nígbà tí wọ́n fi máa dé gáréèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí gìtá ti ń mì bí orí alángbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n ṣe ìkórè ní ìjọ wọn, òun nìkan ló sì ń ta gìtá níbẹ̀.

Ó kó owó tó ti ń tọ́jú jọ, ó ra ọrùn mìíràn. Ọrùn tuntun yìí wọ inú ara gìtá wẹ́kú. Sikúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú un dáadáa. Ó so okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tune wọn, ó ta wọ́n lófìfo láìtẹ nǹkan kan, ohùn ń dún rere. Ló bá tẹ okùn ní àárín ọrùn, ohùn ti yà bàrá. Tó bá tún un tune kí àárín lè dára, òfìfo á bàjẹ́. Tí òfìfo bá dára, àárín á bàjẹ́. Ó ṣe é títí di òru.

Ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọrùn tí mo rà yìí, ó bá ara mu, àmọ́ kò bá ohùn mu."

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé ìdí àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo gìtá tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń rò pé bí ọrùn bá ti lè wọ inú ihò, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣirò kan wà níbẹ̀, kò le, tépù ìwọ̀n lásán la fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà gìtá. Ara ni pákó ńlá tó wà níbi àyà ẹni tó ń ta á. Ọrùn ni pákó gígùn tí ọwọ́ òsì ń rìn lórí ẹ̀. Orí ni ibi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ tá a fi ń fa okùn wà. Nut ni egungun tàbí rọ́bà kékeré tó wà láàárín orí àti ọrùn, tí okùn gba ojú rẹ̀ kọjá. Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn. Bridge ni irin tó wà lórí ara, tó di ìdí okùn mú. Lórí bridge yẹn, saddle kọ̀ọ̀kan wà fún okùn kọ̀ọ̀kan, a sì lè fi sikúrù sún un síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Pickup ni mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà wé, tó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, tó ń sọ ọ́ di iná fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Apá okùn tó ń kọrin ni èyí tó wà láàárín nut àti saddle. Ìwọ̀n rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe gìtá ń pè ní scale. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú. Òun ni ọba nínú ọ̀rọ̀ wa òní.

Kí ló ń mú ohùn ga, kí ló ń mú un rẹlẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: bó ṣe gùn tó, bá a ṣe fà á le tó, àti bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá ti wo àwọn àyàn ní Ọ̀yọ́ bí wọ́n ṣe ń lu dùndún á ti mọ èyí kejì. Bí onílù bá fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọsán mọ́ra, ojú ìlù á le, ohùn á gòkè. Bó bá tú u sílẹ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Ohun tá a máa ń ṣe nìyẹn tá a bá ń yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá.

Àmọ́ nígbà tá a bá ti tune tán, gígùn ló kù tí ìka wa ń yí padà. Bí ẹ bá tẹ okùn mọ́ fret, ẹ ti gé e kúrú nìyẹn. Bí ẹ bá gé e sí ìdajì gẹ́lẹ́, ohùn kan náà ni yóò dún, àmọ́ yóò ga ní ìpele kan, bí ìgbà tí obìnrin àti ọkùnrin bá jọ kọ orin kan náà, tí tobìnrin wà lókè. Ìpele yìí ni àwọn olórin ń pè ní octave. Fret kejìlá ni wọ́n fi síbẹ̀, ní ìdajì gẹ́lẹ́.

Láàárín òfìfo àti fret kejìlá, ìgbésẹ̀ 12 ló wà. Kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dọ́gba létí, àwọn tó ń ṣe gìtá máa ń pín gígùn okùn tó kù sí ọ̀nà 17.817, wọ́n á sì fi fret síbi tí ìpín kan bá parí sí. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. Bí scale bá jẹ́ mìlímítà 648, ẹ pín in sí 17.817, ẹ óò rí 36.4. Fret kìíní jìnnà sí nut ní mìlímítà 36.4. Ẹ yọ 36.4 kúrò nínú 648, ó ku 611.6. Ẹ pín ìyẹn náà sí 17.817, ẹ óò rí 34.3. Ìyẹn ni àlàfo láàárín fret kìíní àti ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín kù títí lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn fret fi ń súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́dọ̀ ara gìtá.

Ẹ ṣe é ní ìgbà 12, ibi tí ẹ óò dé ni 324, ìdajì 648. Kò sí idán níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká rí dìmú nínú ìṣirò yìí ni pé orí ọrùn ni gbogbo fret wà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọrùn, wọ́n ti pinnu scale kan, wọ́n sì ti fi irin kàn án mọ́ ibẹ̀. Ọrùn yẹn ti búra pé "mìlímítà 648 ni èmi." Ara ni bridge wà ní tirẹ̀. Bí bridge kò bá sí ní 648 sí nut, ọrùn ń sọ ọ̀kan, ara ń sọ òmíràn. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ tó, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé.

Ara kékeré, ọrùn kékeré? Rárá o

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á wo gìtá, wọ́n á ní, "Ara rẹ̀ tóbi, ọrùn ńlá ló máa lò." Ìtóbi ara kọ́ ló ń sọ scale.

Ẹ wò ó báyìí. Ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá Telecaster ní nǹkan bí 1950 sí 1951, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni Broadcaster. Stratocaster tẹ̀ lé e ní 1954. Àwọn méjèèjì ń lo scale íǹṣì 25.5, tó jẹ́ mìlímítà 648. Ní 1962, ilé iṣẹ́ kan náà gbé Jaguar jáde. Ara Jaguar gùn, ó sì fẹ̀ ju ti Stratocaster lọ, síbẹ̀ íǹṣì 24 péré ni scale rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 610. Ara ńlá, ọrùn kúkúrú.

Ẹ tún wo gìtá Steinberger, èyí tí kò lórí rárá, tí ara rẹ̀ rí bí pákó ìfọṣọ kékeré. Ẹ lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo íǹṣì 25.5 bíi ti Stratocaster. Ara kékeré, ọrùn gígùn.

Gibson ń lo nǹkan bí íǹṣì 24.75 fún Les Paul, èyí tó jáde ní 1952. PRS ń lo íǹṣì 25. Squier Mini, tí ọ̀pọ̀ òbí ń rà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá, ń lo íǹṣì 22.75, ìyẹn mìlímítà 578. Gìtá bass tó wọ́pọ̀ jù ń lo íǹṣì 34, mìlímítà 864.

Kí wá ni ìtóbi ara ń ṣe? Nínú gìtá oníná tí ara rẹ̀ jẹ́ pákó gbọin, pickup ló ń gbé ohùn jáde, kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú àpótí bíi ti gìtá onígi lásán. Nítorí náà ìtóbi ara ò ní nǹkan púpọ̀ í ṣe pẹ̀lú bóyá ohùn tọ́ tàbí kò tọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ìwúwo. Bí ara bá fúyẹ́ jù tí ọrùn sì wúwo, ẹ óò gbé gìtá kọ́rùn tán, orí rẹ̀ á máa wọ́ lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì yín á wá di òpó tó ń gbé e dúró. Ẹni tó bá ta gìtá bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé oore-ọ̀fẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwọ̀n mẹ́ta tó lè gbà yín lọ́wọ́ òfò

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, tépù káfíńtà ni mo mú dání. Ìwọ̀n mẹ́ta la wọ̀n. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù yín.

Èkíní: láti nut dé àárín fret kejìlá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni scale ọrùn. Ẹ má wọn ọrùn láti orí dé ìdí kí ẹ ní ẹ ti mọ scale, kò jọra.

Èkejì: láti nut dé òpin ìdí ọrùn, ibi tó ń kan ògiri ihò nínú ara.

Ẹ̀kẹta: lórí ara, láti ògiri ihò yẹn dé orí saddle okùn tó tín-ín-rín jù.

Òfin wa wá ni pé: ìwọ̀n kejì pẹ̀lú ìwọ̀n kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ scale. Bí wọ́n bá dọ́gba, ọrùn àti ara yìí lè fẹ́ra. Bí ó bá fi mìlímítà kan tàbí méjì yàtọ̀, saddle á bo ìyẹn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró kí ẹ ronú.

Àbúrò mi ò tíì ju ọrùn àtijọ́ nù, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Òkè nut ló ti ṣẹ́, nítorí náà a ṣì lè wọ̀n ọ́n. Nut sí fret kejìlá: 289. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 578. Gìtá ọmọ kékeré ni látilẹ̀wá! Ó ti ń ta á láti ọdún yìí wá láìmọ̀. Nut sí ìdí ọrùn: 413. Ògiri ihò sí saddle: 165. 413 àti 165 jẹ́ 578. Ó pé.

A wá wọn ọrùn tuntun. Nut sí fret kejìlá: 324, ó túmọ̀ sí scale 648. Nut sí ìdí: 473. Ẹ bá mi rò ó: 473 àti 165 jẹ́ 638. Ọrùn ń béèrè 648, ara ń fún un ní 638. Mìlímítà 10 ló dín.

Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Mìlímítà mẹ́wàá péré, Ẹ̀gbọ́n? Kò tó ìbú ìka mi."

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìbú ìka yẹn ṣe. Àwọn olórin máa ń pín àlàfo fret kan sí ọ̀nà 100, wọ́n ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì. Okùn òfìfo gùn ní 638. Fret kejìlá wà ní 324 sí nut, nítorí náà ohun tó kù sí saddle jẹ́ 314. Ó yẹ kí 314 jẹ́ ìdajì 638, àmọ́ ìdajì 638 ni 319. Okùn ti kúrú ju bó ṣe yẹ lọ ní mìlímítà 5, ohùn á sì ga jù. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 27 ló fi ga, ó ju ìdá mẹ́rin àlàfo fret kan lọ. Etí tó mọ orin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura láti nǹkan bíi sẹ́ǹtì 5 sí 10, pàápàá tí kíbọ́ọ̀dù bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sẹ́ǹtì 27, kódà ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn á yíjú padà.

Ẹni tó ta ọrùn náà fún un ti sọ pé saddle á bò ó. A sún saddle sẹ́yìn títí sikúrù fi tán. Mìlímítà 5 ló lọ. Ó ṣì ku 5. Fret kejìlá ṣì ga ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 13. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì gbádùn.

Ìwọ̀n mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Scale ni olórí, àmọ́ ó ní àwọn ìjòyè.

Ìbú ìdí ọrùn. Ti Fender jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 56. Ọ̀pọ̀ gìtá mìíràn tó fara wé e súnmọ́ ọn, àmọ́ wọn kì í bára dọ́gba tán. Bí ọrùn bá fẹ̀ jù, a lè fi sáńpépà fẹ ihò díẹ̀díẹ̀. Bó bá tín jù, yóò máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ohùn á sì máa sá.

Ìrísí ìdí ọrùn. Ìdí ọrùn Stratocaster yípo díẹ̀, ti Telecaster gún rébété bí ẹnu àpótí. Wọ́n lè jọ ní scale kan náà kí ọ̀kan má jókòó dáadáa nínú ihò èkejì.

Jíjìn ihò. Ihò Fender jìn ní nǹkan bíi mìlímítà 16, ìdí ọrùn sì nípọn ní nǹkan bíi 25. Bí ọrùn bá ga jù, okùn á ga sí pickup. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, okùn á jìnnà jù sí fret.

Ihò sikúrù. Bí ihò ọrùn tuntun kò bá kan ti ara, ẹ má fipá fi sikúrù wọ inú ẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù dí ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó lu òmíràn.

Ìbú okùn. Ẹ wo bí okùn kìíní àti ìkẹfà ṣe jìnnà síra lórí bridge, kí ẹ sì wo ìbú ọrùn ní ìsàlẹ̀. Bí ọrùn bá tín jù, okùn á máa yọ́ bọ́ sílẹ̀ ní etí fret tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Iye fret. Ọrùn onífret 22 kan wà tí pátákó ojú rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀ kọjá ìdí ọrùn, kí ó lè wọ ara tí wọ́n ṣe fún fret 21. Scale ò yí padà. Ẹ má jẹ́ kí fret tó lé yẹn dẹ́rù bà yín.

Paríparì rẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi sikúrù de ọrùn náà ni àbí gọ́ọ̀mù. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn Les Paul mọ́ ara ni. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹ́, iṣẹ́ agbẹ́gi tó mọṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tó ní sikúrù díráfà nílé.

Ọ̀nà àbáyọ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Warmoth ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe ọrùn oníǹṣì 24.75 tó ń wọ ara Fender oníǹṣì 25.5. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Wọ́n dín gígùn láti nut sí ìdí ọrùn kù ní iye tí scale fi dín, wọ́n sì fi ìdí ọrùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìwọ̀n kejì àti ìkẹta ṣì jẹ́ scale. Òfin wa náà ni, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n lò.

Bàbá agbẹ́gi ní Ọ̀yọ́

Àbúrò mi ti fẹ́ ta gbogbo gìtá náà. Mo ní rárá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bridge gìtá náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sikúrù kàn mọ́ ojú ara lásán, kò ní ihò ńlá lábẹ́ bíi bridge oníspíríǹgì. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, a lè sún un sẹ́yìn.

A padà sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ bàbá agbẹ́gi kan tó máa ń gbẹ́ igi ìlù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." "Oo, ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ gbé wá yẹn?" Mo ṣàlàyé. Bàbá fọwọ́ kan ara gìtá náà, ó fi èékánná họ ọ́ níbi tí ọ̀dà ti bó, ó ní igi rẹ̀ fúyẹ́ bí arère. Ó ní ìlù dídára ò lè jáde láti inú igi tí kò tíì gbẹ, ó sì béèrè bóyá gìtá náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun kan fún un tó pa á lẹ́rìn-ín. Ní 1958, Gibson gbé gìtá méjì jáde, Flying V àti Explorer, tí owó wọn lónìí kì í ṣe ti ọmọ tálákà. Igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n, korina ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Igi afárá wa yìí náà ni! Ọ̀gànwó náà wà nínú ìdílé àwọn igi tí ayé ń pè ní mahogany ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ń fi ṣe ara gìtá kiri. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọdé ẹ wá rí i, afárá tí à ń fi ṣe pátákó lásán."

Iṣẹ́ náà kò pẹ́. A wọn 648 láti nut, a sì sàmì sí i fún saddle okùn tó tín-ín-rín jù. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ sún saddle yẹn síwájú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó sàmì síbi tí bridge máa wà. Okùn tó nípọn le, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà saddle tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè padà sẹ́yìn ní mìlímítà mélòó kan. Bí ẹ bá fi saddle sí ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó lu ihò, kò ní sí ibi tó máa sá sí.

A na òwú láti nut dé bridge ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí bridge má bàa wọ́ sí apá kan. Bàbá dí ihò àtijọ́ pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù, ó ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì ó lu ihò tuntun. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ bridge, ẹ má gé e o. Òun ló so okùn pọ̀ mọ́ ilẹ̀ iná. Bí kò bá kan bridge mọ́, gìtá á máa kùn bí oyin.

Nígbà tí a so okùn tán, a fi áàpù tuner ọ̀fẹ́ orí fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, ohùn bí agogo á jáde. Ẹ wá tẹ okùn mọ́ fret kejìlá náà, ẹ ta á. Bí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga ju ti agogo lọ, ẹ sún saddle sẹ́yìn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ẹ ṣe é fún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tó fi ju sẹ́ǹtì 2 yàtọ̀.

Ẹ má gbàgbé ọyẹ́

Ìkórè wọn bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá, ọyẹ́ sì ti ń yọjú. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọyẹ́ máa ń fa omi ara igi jáde. Pákó máa ń sún kì, ọrùn á sì tẹ̀ sẹ́yìn tàbí síwájú díẹ̀. Etí fret á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, á máa họ ọwọ́. Irin gígùn kan wà nínú ọ̀pọ̀ ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod, kọ́kọ́rọ́ kékeré ni wọ́n fi ń yí i láti tún títẹ̀ ọrùn ṣe. Ẹ má yí i ju ìdá mẹ́rin yíyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró kí igi gbọ́. Truss rod kì í ṣe oògùn scale o. Ọrùn tó tẹ̀ ló ń tọ́, kì í sọ ọrùn gígùn di kúkúrú.

Ẹ tọ́jú gìtá yín sínú àpò rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tàbí sínú bùùtù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé gààrí lé e.

Kí ẹ tó ra ọrùn

Láti 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá oníná ta jùjú, dé ìgbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music lọ sí gbogbo àgbáyé ní 1982, àwọn olórin wa ti sọ gìtá di ohun èlò tiwa. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti ń kọ́ orin ìjọ, Ọ̀yọ́ ní àwọn àyàn àti agbẹ́gi. Ohun tó kù ni kí àwa tá à ń lò ó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ ra ọrùn, ẹ fi ìbéèrè márùn-ún ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ ní kó ya fọ́tò tépù lórí ọrùn náà fún yín:

1. Mìlímítà mélòó ni láti nut sí fret kejìlá?
2. Mìlímítà mélòó ni láti nut sí ìdí ọrùn?
3. Báwo ni ìdí ọrùn ṣe fẹ̀ tó, báwo ló sì ṣe nípọn tó?
4. Ṣé ìdí rẹ̀ yípo ni àbí ó gún rébété?
5. Ṣé ihò sikúrù ti wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe jìnnà síra?

Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú. Ẹ má sì ju ọrùn àtijọ́ nù láé, bó tilẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Ní ọjọ́ ìkórè, mo jókòó sí ìlà kẹta. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù gbé orin sókè sí kọ́ọ̀dù tó ga, mo rí i tí ọwọ́ àbúrò mi gun ọrùn lọ dé fret kejìlá, mo sì di ẹsẹ̀ àga mú. Ohùn náà jókòó sórí kíbọ́ọ̀dù bí omi sínú ìkòkò. Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn kò yíjú padà. Ijó ló ń jó.